Imú Tó Ń Dá Ẹjọ́ Ẹran

Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta ike àti bàtà wọ ọjà náà, tí ẹ rìn títí òórùn ike fi tán, tí òórùn èéfín àti irun ẹran tó ń jó sì bẹ̀rẹ̀, ẹ ti dé ìsọ̀ ẹran ìgbẹ́ nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ọ̀gá ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sáà wo ibi tí èrò pọ̀ sí. Obìnrin kan tó síngbọnlẹ̀, tó di ojú méjèèjì, tó ti imú bọ ẹnu ọ̀yà tó ti kú, òun lẹ̀ ń wá. Imú-kì-í-purọ́ ni àwọn ará ìsọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn tán nígbà tí oòrùn bá ń mú ẹran? Ìyá Onímú ni wọ́n ń pè é.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdẹ yóò gbé ẹran rẹ̀ lé orí pátákó, yóò ṣí fìlà, yóò sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ìyá Onímú yóò tún ìró rẹ̀ ró, yóò nu imú rẹ̀ dáadáa, yóò wá tẹ̀ ba. Ẹnu ẹran ló ń kọ́kọ́ gbóòórùn, lẹ́yìn náà abẹ́ apá, lẹ́yìn náà ikùn. Gbogbo ìsọ̀ yóò pa rọ́rọ́. Ìyá Onígbìn tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn, òun pàápàá yóò dákẹ́. Nígbà tó bá yá, Ìyá Onímú yóò gbé orí sókè, yóò ní, "Ó dáa," tàbí kó ní, "Gbé e lọ." Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀ nínú igbó kí ọdẹ tó kàn án, àwọn ará ìsọ̀ kì í tà á, imú yìí ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ló kọ́kọ́ rí ẹ̀bùn náà lára rẹ̀. Ọdẹ ni ọkùnrin náà. Bó bá ti ń bọ̀ láti oko, kó tó kan ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ yóò ti máa pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé òkété ló pa, pé ó tún fi ọ̀kẹ́rẹ́ lé e, pé kó sì jọ̀ọ́ kó bọ́ bàtà rẹ̀ síta. Bí wọ́n bá tú àpò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ròyìn rẹ̀ títí gbogbo ọjà fi gbọ́. Nígbà tó kú, tí ìyàwó rẹ̀ wá gba ìsọ̀ láti fi tọ́ àwọn ọmọ, imú náà ló fi wọlé, imú náà ló sì fi gorí àga. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àràárọ̀ ló ń fi òróró pa á. Ó ní Ọlọ́run fún àwọn obìnrin kan ní ojú ẹlẹ́wà, ó fún àwọn mìíràn ní ìdí, nígbà tó fi máa kan òun, imú ló kù nílẹ̀, òun sì gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá imú náà jà. Wolé-wolé ọjà ni, ọkùnrin gíga kan tó tinrín, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ. Aṣọ kakí rẹ̀ kì í ní ìrunpọ̀ kankan, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ọṣẹ kò sì kúrò nínú àpò rẹ̀ rí. Bàbá Ọṣẹ ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó máa ń fọ omi kó tó mu ún. Ó ti gbé garawa tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu wá fún gbogbo ìsọ̀, ó ní kí wọ́n máa fi fọwọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ẹran. Ìyá Onígbìn kó ìgbín sínú tirẹ̀. Ìyá Onímú da tirẹ̀ dojú délẹ̀, ó jókòó lé e, ó ní ó bá ìdí òun mu.

"Ìyá Onímú," Bàbá Ọṣẹ yóò wí, "ẹ yọ imú yín kúrò lẹ́nu ẹran. Àìsàn tó wà lára ẹran ìgbẹ́ kì í rùn."

"Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ló ní òórùn, Bàbá Ọṣẹ. Ẹ̀yin nìkan ni ọṣẹ ò jẹ́ ká mọ òórùn yín."

Àwọn ará ìsọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, Bàbá Ọṣẹ yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún padà dé. Ìyá Onígbìn ní ọjà yìí fẹ̀, ó ní ìsọ̀ ẹja, ó ní ìsọ̀ ata, ó ní ìsọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọkùnrin yìí kò mọ ọ̀nà ibòmíràn mọ́. Ó ní ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú. Ìyá Onímú yóò pòṣé, yóò sì tún gèlè rẹ̀ wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gèlè náà kò tú.

Ọ̀fìnkìn lásán ló ba imú náà jẹ́. Ó mú un, ó fi í sílẹ̀, Ìyá Onímú sì rò pé ó ti tán. Iyàrá méjì tí fèrèsé wọn kọjú sójú pópó ló ń gbé pẹ̀lú àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó ń dirun fún àwọn oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Onímú gbé ẹ̀wà kaná, ó jókòó tì í, ó ń kọrin lábẹ́ ọ̀fun. Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe já wọlé pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, tó ń wúkọ́, tó ń bèèrè bóyá ilé ló ń jó. Èéfín ti bo ìkòkò, ẹ̀wà ti di èédú, ìyá rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀. Ọmọ ní ṣé wọn ò gbóòórùn rẹ̀ ni. Ìyá ní òun gbọ́, òun mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó jóná díẹ̀ ni. Ó sì ní láti jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tún ní láti yìn ín pé ó dùn.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó wọ iyàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbé káńfọ̀ símú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí ìgò kẹrosíìnì, bí ẹni ṣí ìgò omi. Ó wá fa bàtà ọkọ rẹ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn, bàtà ọdẹ àtijọ́ tó jẹ́ pé bó bá ti gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹkún ni. Ó gbé e símú títí. Ẹkún náà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn bàtà ló mú un wá. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ohun tó yẹ kó ṣe, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kó jókòó sílé, tàbí kó lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá imú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè ní Imú-kì-í-purọ́, tí àwọn ọdẹ ń ṣí fìlà fún, ṣé yóò kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kó di ìyá arúgbó kan lásán tó jókòó lé garawa? Ó ní láéláé. Ó pa imú rẹ̀ lóróró, ó sì gba ọjà lọ.

Ọgbọ́n tó dá ni pé kó máa wo ojú àwọn ọdẹ. Yóò ti imú bọ ẹnu ẹran, yóò mí sínú kíkankíkan, ṣùgbọ́n yóò la ojú kan díẹ̀. Bí ọdẹ bá ń wo ilẹ̀, tó ń lọ́ fìlà mọ́wọ́, a ní, "Gbé e lọ." Bó bá ń wò ó tààrà, a ní, "Ó dáa." Ẹ sì wá wo nǹkan, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó lé lọ ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni, àwọn kàn bá ẹran náà nílẹ̀ ni. Àwọn ará ìsọ̀ ní imú náà kò mú tó báyìí rí. Orí Ìyá Onímú wú. Ó fi kún àṣehàn rẹ̀: ó ń mi orí, ó ń ṣe "hùn-ún," ó ń gbóòórùn ìrù tí kò gbóòórùn tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé imú kò sí níbẹ̀.

Ibi tó dé yìí ni onípàkúté bá a. Ọdẹ ni, àmọ́ kì í yìnbọn. Pàkúté ló ń dẹ. Ọmọlúàbí èèyàn ni, onítìjú, tó fọkàn tán imú náà bí ọmọdé ṣe ń fọkàn tán ìyá rẹ̀. Ó gbé ẹtu kan sílẹ̀ lórí pátákó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí fìlà, ó sì tẹjú mọ́ Ìyá Onímú, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ìyá Onímú ti imú bọ ẹnu ẹtu, ó tì í bọ abẹ́ apá, ó tì í mọ́ ikùn, ó yọjú wo onípàkúté, ó rí i pé ojú kò yẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Alásè, obìnrin tó ń dáná fún àwọn káfíńtà tó ń kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tuntun lẹ́yìn ìlú, ti ń dúró. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ tó fi gbé ẹtu náà sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí Bàbá Ọṣẹ dé. Kò lu agogo kẹ̀kẹ́. Kò wo garawa ẹnikẹ́ni. Ó ní kí gbogbo wọn gbọ́ òun dáadáa. Ó ní ẹran ń kú nínú igbó lẹ́bàá odò, wọ́n ń rí wọn nílẹ̀ láìsí ọgbẹ́, láìsí ọta ìbọn lára wọn, àwọn dókítà ẹranko sì ní àìsàn kan ni, irú èyí tó máa ń ti ara ẹran bọ́ sára èèyàn. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí itọ́ rẹ̀ bá kan èèyàn, ó tó. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gba ẹran tí kò mọ bó ṣe kú.

Ìyá Onígbìn dá a lóhùn pé kó fọkàn balẹ̀, pé kò sí ẹran tó ń kọjá níbẹ̀ láìkan imú. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Onímú, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Onípàkúté tó ṣì ń kó okùn rẹ̀ jọ ni ẹ̀rín tirẹ̀ pọ̀ jù.

"Ẹ jẹ́ kí n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá," ó ní. "Ẹtu tí mo gbé wá yẹn, lẹ́bàá odò ni mo ti rí i. Kò sí nínú pàkúté mi o, ẹ̀gbẹ́ pàkúté ló sùn sí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo wá ní kí n má dá ẹjọ́ ara mi, kí n gbé e wá kí imú Ìyá dá a. Wọ́n sì ní ó dáa."

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀. Òun ń wo imú, imú ń wo òun, kò sí ẹni tó wo ẹran.

Bí Ìyá Onímú bá pa ẹnu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Imú ti ní ó dáa, ó ti parí nìyẹn, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá la ẹnu, orúkọ náà kú lójú gbogbo ayé, lójú ọkùnrin tó fi ọṣẹ há a mọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó sì ń rí ọwọ́ Alásè lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe ń fi ọ̀bẹ la ikùn ẹtu yẹn láìbọ nǹkan kan sọ́wọ́, bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà nu òógùn lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àìmọye ìgbà ló ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá àwọn ẹlòmíràn wí.

"Imú mi ti kú," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

"Mo ní imú mi ti kú. Ọ̀fìnkìn ló pa á. Mi ò gbóòórùn ẹtu yẹn rárá, ojú onípàkúté ni mo wò."

Ìyá Onígbìn ní irọ́ ni, ara Ìyá Onímú ni kò yá. Ó ní òun máa dán an wò. Ó ti ọwọ́ bọ garawa rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó fa ìgbín kan yọ tó ti kú síbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, ó sì gbé e sábẹ́ imú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìsọ̀ tú ká. Onípàkúté fi fìlà bo gbogbo ojú rẹ̀. Obìnrin kan tó wá ra ẹran sá dé ìsọ̀ bàtà. Ìyá Onígbìn alára yí ojú sẹ́yìn, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ìyá Onímú dúró gbagidi, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n gbé òdòdó fún.

"Ṣé o ti gbé e wá?" ó bèèrè. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló dì, kò rí i.

Ẹ̀rín tán. Bàbá Ọṣẹ mú aṣọ ìnujú rẹ̀ kúrò nímú, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó ní, "Ta ló mọ ibi tí Alásè ti ń dáná?" Ìyá Onímú ní òun mọ̀ ọ́n. Bàbá Ọṣẹ ní, "Ẹ gòkè."

Bí Ìyá Onímú ṣe gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wolé-wolé nìyẹn, lójú gbogbo ọjà, ní ọ̀sán gangan. Kẹ̀kẹ́ náà kérora. Àwọn kan gbàgbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Onígbìn tí kò tíì ju ìgbín náà nù ń pariwo pé ṣé òun kò sọ ọ́. Wọ́n kọjá lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, abẹ dúró lórí oníbàárà. Wọ́n kọjá lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Onípàkúté ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó di fìlà mórí, ó ń bẹ Ọlọ́run sókè. Bàbá Ọṣẹ ń wa kẹ̀kẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyá Onímú di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn díẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jókòó pọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo yẹn.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́, Alásè ti dojú délẹ̀, ó ń fẹ́ iná. Igi tútù ni wọ́n tà fún un. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń fẹ́ ẹ, tó ń ṣépè fún onígi, iná náà kò sì gbà. Ẹtu wà lórí pátákó, kò tíì fọ̀bẹ kàn án. Ọ̀bẹ ti mú, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Onímú sọ ohun tó gbé e wá. Alásè dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ẹnu yín sọ pé ó dáa? Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Kí ni kí n wá fún àwọn tó wà lórí òrùlé yẹn jẹ, ṣé èéfín?"

"Ẹnu mi ló sọ ọ́, ọmọ mi. Imú mi ò sí níbẹ̀. Mo purọ́ ni." Ìyá Onímú, tó lè bí Alásè lọ́mọ, wá kúnlẹ̀ sórí eruku. "Mo bẹ̀ ọ́, má fi ọ̀bẹ yẹn kàn án."

Alásè wò ó lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ẹtu. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀bẹ náà dànù bí ẹni tó rí ejò, ó sì fa Ìyá Onímú dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má gbé wàhálà kúnlẹ̀ lé òun lórí.

Láti ibẹ̀ lọ, Bàbá Ọṣẹ ló ni ilẹ̀. Ó bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi ọ̀rá bo ẹtu náà, ó lé ajá, ó lé eṣinṣin, ó ránṣẹ́ pe àwọn dókítà ẹranko. Ó wá yọ ọṣẹ. Àwọn káfíńtà tó rí i pé àwọn èèyàn pọ̀ nídìí iná rò pé oúnjẹ ti jinná, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé pẹ̀lú ẹnu tó ń da itọ́, wọ́n sì bá ara wọn lórí ìlà, wọ́n ń fọwọ́. Ọ̀kan bèèrè bóyá ọṣẹ ni wọ́n máa jẹ. Nígbà tó kan Ìyá Onímú, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó fẹ́ kúrò.

"Ó ku imú," Bàbá Ọṣẹ wí.

"Òun náà?"

"Òun gan-an."

Bàbá Ọṣẹ ń da omi, Ìyá Onímú ń fọ imú. Ó fọ̀ ọ́ títí ọṣẹ fi ń hó jáde níbẹ̀, ó ń sín, ó sì ń sín, àwọn káfíńtà sì ń kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀wà ni gbogbo wọn padà jẹ lọ́jọ́ náà, kò sì jóná.

Bàbá Ọṣẹ ní kí àwọn mẹ́ta tó fọwọ́ kan ẹtu náà jókòó sílé fún iye ọjọ́ tí àìsàn náà fi máa ń fara hàn. Láràárọ̀ ló ń lọ wò wọ́n. Ìta, lábẹ́ fèrèsé Ìyá Onímú, ló ń dúró sí, a wá máa bèèrè lóhùn rara bóyá ara gbóná, bóyá orí ń fọ́, bóyá inú ń dà á rú. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Nígbà tó yá, bí ọmọ rẹ̀ onídìrí bá jáde síta, àwọn ọmọ kékeré ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un bí inú ìyá rẹ̀ ṣe rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Onímú sún mọ́ fèrèsé.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Ọṣẹ," ó ní. "Ẹnu ẹ̀ gan-an ni mo ti imú bọ̀."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Bàbá Ọṣẹ dá a lóhùn. Kò lọ. Ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí Ìyá Onímú jókòó sí lọ́jọ́sí, ó sì sọ pé bí wọn ò bá rí òun níbòmíràn lónìí, kí wọ́n máa wá òun síbí. Àtọjọ́ náà, ìbéèrè nípa ara gbígbóná kì í pẹ́ tán mọ́, ohun tó ń tẹ̀ lé e ló ń pẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, nípa àwọn tó ti kú, nípa ẹni tó sanra jù láti gun kẹ̀kẹ́.

Ara wọn kò gbóná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fún wọn kù díẹ̀ kó pé, Bàbá Ọṣẹ mú ìròyìn wá. Àwọn dókítà ẹranko ti yẹ ẹtu náà wò. Àìsàn náà wà lára rẹ̀. Ìyá Onímú gbé ọwọ́ lé orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá Ọṣẹ kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Mo bi wọ́n bóyá ó ń rùn," ó ní. "Wọ́n ní rárá. Ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni. Alásè náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ní òun gbóòórùn rẹ̀ kóun tó gbé e, kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, Ìyá Onímú. A ò mọ èyí tí inú ń run."

Ìyá Onímú fọwọ́ lérán. Ó ń rò ó. Bí imú rẹ̀ bá wà láàyè lọ́jọ́ yẹn, ohun kan náà ni ì bá sọ. Ì bá ní ó dáa. Nígbà tí Bàbá Ọṣẹ bá sì dé pẹ̀lú ìkìlọ̀ rẹ̀, ì bá na imú náà sókè lójú gbogbo ọjà, ì bá búra, ì bá fi ọṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lé e lọ, igi tútù yẹn ì bá sì gbẹ nígbẹ̀yìn. Ó rántí gbogbo ẹran tó ti tẹ̀ ba lé lórí láti ọjọ́ tó ti gorí àga, gbogbo "ó dáa" tó ti fi ẹnu rẹ̀ sọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó dun ún gan-an.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Kíkú tí imú mi kú, ṣé òun ló gbà wá?"

"Òun ni."

Ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣe é ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fèrèsé mú, Bàbá Ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ níta, kẹ̀kẹ́ sì ṣubú. Àwọn aládùúgbò yọjú, wọ́n ń bi ara wọn bóyá àìsàn náà ti gba orí lọ.

Ìgbà tó padà sọ́jà, ó gbé pátákó kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ba mọ́. Ìbéèrè ló ń bi àwọn ọdẹ. Níbo lo ti rí i? Ṣé ó ń mí nígbà tóo rí i? Ta ló pa á? Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu rẹ̀ sọ bí ẹran ṣe kú, "Gbé e lọ" ni, tàbí kẹ̀, kó má tilẹ̀ gbé e, kó fi í síbi tó wà, kó ké sí wolé-wolé. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Garawa rẹ̀ ti dìde dúró, omi sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Onígbìn kó ìgbín kúrò nínú tirẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan pé kì í ṣe ẹjọ́ òun. Síbẹ̀ àwọn ará ìsọ̀ ń retí kí imú náà jí. Bí ọ̀rọ̀ ọdẹ bá gùn jù, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ìgbà tí imú wà láyé, kò pẹ́ tó báyìí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí garawa, ó ń fọwọ́, ọdẹ kan sì wà níwájú pátákó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yà. Ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Onímú kò bojú wẹ̀yìn, kò gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, àmọ́ ó mọ ẹni náà. Òórùn ọṣẹ ni, ọṣẹ àti aṣọ kakí tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ náà ni ìyókù ya wọlé tẹ̀ lé e: èéfín, ẹ̀jẹ̀, irun jíjó, ike láti òkèèrè. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọdún yìí wá ni ọkùnrin yìí ti ń kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti mọ òórùn rẹ̀ dunjú.

Ìyá Onígbìn tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan rí omi náà. "Ìyá Onímú, ṣé ó ti padà dé?"

Ọdẹ náà ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ti sún sẹ́yìn. Ẹnì kan ti ń sún garawa sí ẹ̀gbẹ́ kí àyè lè wà. Ìyá Onímú wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń wo ojú àwọn ọdẹ lọ́jọ́sí, ó sì rí i pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀la ni ìgbín máa padà sínú garawa.

"Rárá," ó ní. "Ó ti kú pátápátá. Kò lè jí mọ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ọdẹ náà dé fìlà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí ó ti rí ọ̀yà náà. Ìyá Onímú na ọwọ́ sí Bàbá Ọṣẹ kó bá òun ṣí ẹ̀rọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ ti pààrọ̀ ọṣẹ yín," ó ní.

Bàbá Ọṣẹ la ẹnu. Ó wò ó, ó wo àwọn ará ìsọ̀, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó ṣí omi sí i lọ́wọ́.